Èèwọ̀ Ni Kí A Fún Akọni, Kì í Ṣe Òkúta

Ìjà ni mo gbé wá sí ojú ìwé wa lónìí. N kò bá ẹnì kan jà. Àṣà kan ni mo ń bá jà. Ó ti wọ àárín àwa ọ̀dọ́ tí a fẹ́ràn eré akọni, ó sì fẹ́ sọ àwọn akọni wa di ọmọlangidi. Àṣà náà ni pé, bí a bá dá akọni kan tí agbára rẹ̀ ti inú iná, omi, afẹ́fẹ́ tàbí ilẹ̀ wá, ohun tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni a fi ń ṣe ibi àìlera rẹ̀. Oníná, omi ni yóò pa á. Olómi, ọ̀gbẹlẹ̀ ni yóò pa á. Ó parí. A ka bébà náà sí bébà tí a ti kọ tán. Èmi ní a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Eré àjókòóṣe ni, orí tábìlì ni a ti ń ṣe é. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú bébà, pẹ́ńsùlù àti dáìsì bíi ti lúdò. Ẹnì kan nínú wọn ni atọ́kùn: òun ni yóò máa sọ bí ìlú ti rí, òun ni yóò máa fọhùn fún ọba, fún olè, àti fún ìyá arúgbó tí ń ta ẹ̀kọ. Olúkúlùkù àwọn yòókù yóò dá ẹ̀dá kan, yóò sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà ń ṣe. Bí ohun náà bá le, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ ìwé òfin irú eré yìí jáde ní 1974. Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀, Gary Gygax àti Dave Arneson ni ó kọ ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú àwọn alágbára inú ìwé àwòrán wọ inú rẹ̀. Àwa tí a jókòó gbọ́ àlọ́ lẹ́nu àgbà kò lè pe irú eré bẹ́ẹ̀ ní àjèjì pátápátá. Àlọ́ ni, ohun tí ó fi yàtọ̀ ni pé àwọn tí ń gbọ́ ọ ni ó ń pinnu ohun tí Ìjàpá yóò ṣe.

Nígbà tí ó di 1981, ìwé òfin kan jáde tí ń jẹ́ Champions, fún eré àwọn alágbára wọ̀nyí. Òfin rẹ̀ kan ni pé ẹni tí ó bá gba àìlera fún akọni rẹ̀ yóò gba àmì, yóò sì fi àmì náà ra agbára sí i. Èrò rere ni, nítorí akọni tí kò ní ibi àìlera kì í ní ìtàn. Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé mọ ọjà á ná. Bí a bá sọ àìlera di ohun tí a ń tà, ẹni tí ó gbọ́n yóò ta èyí tí kò ní í dùn ún.

Ọmọ Ìjàgbà ni mí, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Nígbà ìsinmi kan, mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan jókòó ní ilé tí wọ́n ń ṣe eré yìí, ìlú wa gan-an ni ìtàn wọn sì ti ń ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn dá akọni oníná, ó sì kọ sínú bébà pé ìrì dídì ni ibi àìlera rẹ̀. Ìrì dídì! Ní Ìjàgbà! Ọyẹ́ tí ó mú jù lọ ní ilẹ̀ wa kò lè mú omi inú akèrègbè dì, áńbọ̀sì kí ìrì dídì bò wá mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti gba owó àìlera, ó ti fi ra agbára, gbèsè náà kò sì ní í dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láéláé. Èkejì rẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ jù ú lọ: ó ní omi ni ibi àìlera oníná tirẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ọ̀tá inú eré náà fi ń gbé korobá omi kiri bí ẹni tí ń lọ sí odò. Akọni ńlá di ẹni tí ọmọ ọdún méje lè ṣẹ́gun ní ìdí kànga.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé ṣé òótọ́ tilẹ̀ ni pé omi ni ibi àìlera iná. Ẹni tí ó bá ti rí iná ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé àwọn baba wa kì í fi korobá kojú rẹ̀. Wọn yóò ṣán ojú ilẹ̀ kan yí oko ká, wọn yóò gbá koríko gbígbẹ kúrò níbẹ̀, kí iná má baà rí nǹkan jẹ nígbà tí ó bá dé. Ìyá tí epo gbiná mọ́ lórí ààrò mọ̀ pé bí òun bá da omi sí i, iná náà yóò fò sókè, yóò sì ta sí òun lójú. Ìdérí ni yóò fi bò ó, kí ó má lè mí. Oúnjẹ àti èémí ni iná ń wá. Ibẹ̀ ni àìlera rẹ̀ wà. Omi lè pa á lónìí, kí ó sì ràn án lọ́wọ́ lọ́la. Bí ó bá rí báyìí nínú ilé ìdáná, báwo ni a ṣe wá ń kọ èyí tí kò jinlẹ̀ tó ọgbọ́n ilé ìdáná sínú bébà akọni wa?

Ẹlòmíràn yóò dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní òkè òkun. Ó ní Superman ní òkúta tirẹ̀, àwa náà yóò ní tiwa. Ọ̀rọ̀ òkúta yìí ni ó bí mi nínú jù lọ, nítorí àwọn tí ń tọ́ka sí i kò wò ó dáadáa. Nínú eré orí rédíò ni òkúta náà, kryptonite, ti kọ́kọ́ jáde ní 1943, kí ó tó wọ inú ìwé àwòrán ní 1949. Kí ni òkúta náà? Àfọ́kù ilé ayé tí wọ́n ti bí Superman ni. Ayé náà fọ́, òun nìkan ni bàbá rẹ̀ rí gbé sá, àfọ́kù ilé bàbá rẹ̀ sì ń lé e kiri títí di ilẹ̀ àjèjì. Ohun tí ó bí i ni ó lè pa á. Ẹni tí ó ro ìyẹn ronú. Àwọn tí ó ń wo àwòkọ rẹ̀ ni kò ronú: wọ́n mú òkúta, wọ́n fi ìtàn ibi tí òkúta ti wá sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí alágbára kan, Green Lantern ti 1959, fi lo ọ̀pọ̀ ọdún tí agbára rẹ̀ kò ran ohunkóhun tí ó bá ní àwọ̀ yẹ́lò. Bí olè bá ti kun ọkọ̀ rẹ̀ ní yẹ́lò, ó bọ́.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí ó ti òkè òkun wá ni kò dára. Ní 1975 ni Storm jáde láàárín àwọn X-Men, obìnrin tí ń pàṣẹ fún ìjì àti òjò, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kẹ́ńyà. Ibi tí ó há ni ẹ̀rù rẹ̀, nítorí pé ilé wó lù ú ní ọmọdé, ó sì wà lábẹ́ àlàpà pẹ̀lú òkú ìyá rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ojú ọ̀run jẹ́ tirẹ̀, yàrá kékeré ni ó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tí ó kọ èyí mọ iṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa ní orúkọ fún irú nǹkan yìí tipẹ́tipẹ́, a sì ti fi orúkọ náà sílẹ̀ a ń ṣa òkúta kiri. Èèwọ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ mọ ìtàn Ọrọ̀nsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn. Bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́, kì í ṣe ènìyàn lásán. Ọrọ̀ ni, ẹni tí ń mú ọlá wọ ilé ọba. Èèwọ̀ mẹ́ta ni ó kà sílẹ̀ fún ilé náà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú òun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀ lójú òun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá lójú òun. Ọba gbà. Àwọn orogún kò gbà nínú ọkàn wọn. Ọjọ́ kan dé tí wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú rẹ̀. Ọrọ̀nsẹ̀n dìde, ó jáde nílé, wọn kò sì rí i mú padà mọ́. Wọ́n ní gèlè rẹ̀ ni ó kù ní Ugbó Lájà. Ugbó Lájà kan náà ni Ekpo Eyo ti wú àwọn ère amọ̀ àtijọ́ jáde láàárín 1969 sí 1971. Nítorí Ọrọ̀nsẹ̀n ni Ọ̀wọ̀ fi ń ṣe ọdún Ìgógó lọ́dọọdún, fún ọjọ́ 17. Ọlọ́wọ̀ yóò di irun bí obìnrin, yóò wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ìlù kò gbọdọ̀ dún, agogo ni wọ́n ń lù. Fìlà àti gèlè kò gbọdọ̀ sí lórí ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bí ìtàn yìí ti gún régé. Ilá kì í ṣe májèlé. Igi ìdáná kì í ṣe ọ̀kọ̀. Omi tí a fi fọ abọ́ kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ohun ojoojúmọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè ṣe é ní àìmọ̀, gbogbo ilé ni ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra. Kò sí ọ̀tá láti ìlú mìíràn tí ó lè rí i ṣe. Àwọn tí ń jẹun nínú agbo ilé kan náà ni ó lè ṣe é. Nígbà tí èèwọ̀ náà sì bàjẹ́, Ọrọ̀nsẹ̀n kò ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ju òkúta bà. Ó lọ ni. Ilé ọba àti ìlú ni ó pàdánù rẹ̀, ètùtù sì di ti gbogbo ìlú títí di òní. Nínú ìtàn kan ṣoṣo yìí ni mo ti rí ìbéèrè mẹ́rin tí ó yẹ kí ẹni tí ń dá akọni dáhùn. Èkínní, níbo ni èèwọ̀ náà ti wá? Èkejì, ta ni ó mọ̀ ọ́n, tí ó sì lè bà á jẹ́? Ẹ̀kẹta, bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò jìyà? Ẹ̀kẹrin, kí ni ètùtù rẹ̀?

Ìbéèrè èkínní, ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Nínú ìtàn Mọ́remí, àwọn Ìgbò tí ń kó Ifẹ̀ lẹ́rù máa ń wọ aṣọ ewé àti okùn, tí àwọn ará Ifẹ̀ fi rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọ́remí jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó gbé láàárín wọn, ó sì rí i pé ènìyàn ni wọ́n, pé ohun gbígbẹ ni aṣọ wọn. Ó sá padà wálé, ó sọ fún àwọn ará Ifẹ̀ pé kí wọ́n fi ìtùfù pàdé wọn. Aṣọ tí ó ń bani lẹ́rù ni aṣọ tí ó gbiná. Orísun agbára àti orísun àìlera, ìdí kan náà ni. Mọ́remí kò sì rí àṣírí náà gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ̀, Olúorogbo, ni ó fi san án. Èyí ni kí àwọn atọ́kùn tí ń ka àìlera ọ̀tá sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ eré gbọ́: àṣírí tí a kò fi nǹkan wá kò dùn ún mọ̀.

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan. Àwọn ará Màlì ń sọ ọ́ títí di òní pé irin kò ran Sumaoro Kante, ọba Soso, àfi ọfà tí a fi ìkẹ́ àkùkọ ṣe ẹnu rẹ̀. Tana ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ ni. Ẹni tí ó gbọ́ àṣírí náà lẹ́nu rẹ̀ ni obìnrin tí ó wà nínú ilé rẹ̀, tí í ṣe arábìnrin Sundiata, Sundiata sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Kirina ní nǹkan bí ọdún 1235. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì, ẹ rántí Sámúsìnì. Irun rẹ̀ kọ́ ni agbára rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n tó bí i ni agbára rẹ̀, irun jẹ́ àmì ẹ̀jẹ́ náà. Àwọn ọmọ ogun Filístínì kò lè rí i mú ní ojú ogun. Dèlílà ni ó rí i mú, lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ní ti akọni oníná, èwo ni ó tún ju ti Ṣàngó lọ? Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ó wà níbẹ̀ pé Ṣàngó ní oògùn tí ó fi lè pe mọ̀nàmọ́ná, ó fẹ́ dán an wò láti orí òkè tí ó kọjú sí ààfin rẹ̀. Ìjì dé lóòótọ́. Ààfin tirẹ̀ ni ààrá sán lù, ó jóná, àwọn aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì bá a lọ. Ẹ sọ fún mi, kí ni korobá omi fẹ́ fi kún ìtàn yìí? Agbára tí ó lè pè ṣùgbọ́n tí kò lè dá padà: àìlera oníná nìyẹn.

Ẹni tí ó bá ń bá ni wí gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tirẹ̀ hàn. Mẹ́rin tí mo dá nìyí. Bí wọn kò bá dára, ẹ fọ́ wọn.

Oníná mi kò gbọdọ̀ pe iná nígbà tí ó bá ń bínú sí ará ilé rẹ̀. Bí ó bá pè é, iná yóò dé, yóò tilẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òrùlé tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bà lé. Ọ̀tá tí ó gbọ́n kò ní í gbé omi wá pàdé rẹ̀. Òfófó ni yóò gbé wá. Ètùtù rẹ̀ ni pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà padà, kò sì gbọdọ̀ pe iná títí tí yóò fi bo ilé náà tán.

Olómi mi kò gbọdọ̀ fi omi du ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, nítorí odò kì í bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mu ún. Ó gbé akèrègbè omi orísun rẹ̀ dání lọ sí ogun. Bí ọ̀tá bá fi ara hàn bí arìnrìn-àjò, tí ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ńkọ́? Bí ó bá fún un, agbára ọjọ́ náà dín kù. Bí ó bá kọ̀, orísun gbẹ, gbogbo abúlé tí ń mu níbẹ̀ ni yóò sì jìyà. Ètùtù rẹ̀ ni pé kí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí orísun náà, kí ó sì máa pọnmi fún ilé ẹni tí ó fi omi dù.

Aláfẹ́fẹ́ mi jẹ́ obìnrin. Bí ó bá pe ẹ̀fúùfù, àṣírí tí wọ́n sọ fún un kẹ́yìn yóò bá ẹ̀fúùfù náà lọ, ẹni tí ó bá wà ní ibi tí atẹ́gùn kọjú sí yóò sì gbọ́ ọ. Nítorí náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàn: ṣé kí a sọ ète wa fún un, tàbí kí a mú un dání láìsọ fún un, kí ó sì máa rò pé a kò fẹ́ràn òun? Ètùtù rẹ̀ ni pé kí ó sọ àṣírí ara rẹ̀ fún ẹni tí ó tú àṣírí rẹ̀.

Akọni ilẹ̀ ni èdè wa fúnra rẹ̀ bá mi dá. Kí ni a ń pe ẹni tí ó ba májẹ̀mú jẹ́? Ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tí ó dalẹ̀, ilẹ̀ ni ó dà, ilẹ̀ ni yóò sì mú un. Akọni yìí kò gbọdọ̀ yẹ àdéhùn, ì báà ṣe àdéhùn pé òun yóò ra gúgúrú bọ̀ fún ọmọdé. Ní ọjọ́ tí ó bá yẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ kò ní í gbé e dúró mọ́. Ọ̀tá rẹ̀ kò ní í bá a jà rárá; yóò wá ọ̀nà tí yóò fi ṣe àdéhùn méjì tí kò lè bá ara wọn gbé. Ètùtù rẹ̀ ni pé kí ó lọ bá ẹni tí ó yẹ àdéhùn rẹ̀, kí ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, kí onítọ̀hún sì ní kí ó dìde. Bí onítọ̀hún kò bá ní kí ó dìde ńkọ́? Eré ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ nìyẹn.

Mo ti ń gbọ́ àwọn tí yóò bá mi jiyàn. Àwọn kan yóò ní omi pa iná rọrùn láti rántí, pé àwọn ará Japan ṣe é nínú Pokémon ní 1996, tí gbogbo ayé sì gbà á. Òótọ́ ni, ó sì yẹ eré náà, nítorí pé ìjà inú rẹ̀ kì í pẹ́, ọmọdé sì gbọ́dọ̀ lè ṣírò rẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n akọni tí ẹ óò máa bá gbé fún odindi sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ìṣirò lásán parí.

Àwọn atọ́kùn yóò ní, òfin ńkọ́, báwo ni a ó ṣe díwọ̀n àdéhùn àti ìbínú kí akọni kan má baà ju èkejì lọ? Ìdáhùn wà nínú ìwé òfin Mutants & Masterminds ti òde òní: kò sí ẹni tí ń gba owó àìlera ní ọjọ́ tí ó kọ ọ́ sí bébà; ọjọ́ tí àìlera náà bá dà á láàmú nínú eré ni ó ń gba ẹ̀bùn. Bí ọmọ Ìjàgbà wa bá fi ìrì dídì ṣe àìlera lábẹ́ òfin yìí, yóò dúró títí, kọ́bọ̀ kan kò ní í tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, yóò ní kí a má fi òrìṣà ṣe eré, kí a má sì fi àìlera kan wọ́n. Mo gbà ní apá kan. Àwọn olùsìn Ṣàngó àti Ọya wà láàyè, wọ́n sì ń gbọ́ wa. N kì í gbé òrìṣà fúnra rẹ̀ sí orí tábìlì; ènìyàn ni mo ń dá, mo sì ń kọ́ ọgbọ́n lára ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní èèwọ̀ jẹ́ ìrẹ̀sílẹ̀ kò mọ èèwọ̀. Bí ènìyàn bá ti ń ga sí i ni èèwọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Gbáńgba ni tálákà ti ń jẹun. Ọba kò gbọdọ̀ dán an wò. Gbogbo olùsìn ni ó mọ̀ pé a kì í gbé emu fún Ọbàtálá, a kì í sì í gbé àdín fún Èṣù, kò sì sí ẹni tí ó torí ìyẹn pè wọ́n ní aláìlágbára.

Àwọn ìyókù yóò ní eré ni, kí ni mo ń pariwo sí? Àwọn ni mo fẹ́ dá lóhùn dáadáa. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìró ààrá máa ń já láyà gidigidi. Ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo ilé ibùgbé wọn ti mọ̀, bí òjò bá sì ti ṣú, wọn a máa fi ìdérí ìkòkò gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ kí wọ́n lè rí i bí yóò ti fò. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tí wọ́n kọ́ nípa àìlera ẹni ni wọ́n ń ṣe: bí o bá ti mọ̀ ọ́n, lò ó. Kí ni eré òkúta àti korobá ń kọ́ wa, bí kì í bá ṣe èyí náà? Nínú eré èèwọ̀, ẹni tí ó mọ àìlera ẹnìkejì rẹ̀ ti di alágbàtọ́jú rẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó yí tábìlì ká ni yóò máa rántí pé ẹ má lọ ilá, Ọrọ̀nsẹ̀n wà níbí. Bí ẹnì kan bá sì lọ̀ ọ́, tábìlì yóò mọ ẹni tí ó jẹ́, òun náà yóò sì mọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi oṣù mẹ́ta ṣọ́ èèwọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú eré, mo rò pé ìdérí ìkòkò yóò wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ẹ tó pinnu àwọ̀ aṣọ akọni yín, kí ẹ tó ka iye agbára rẹ̀, ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rin yẹn sílẹ̀, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì tún rí i pé korobá omi ni ó tọ́ sí oníná òun, kí ó gbé bébà rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ń bọ̀. Èmi yóò gbé dáìsì tèmi dání.